Ibi Tí Ìyá Tóyìn Máa Sùn

Ìyá mẹ́rin ni Olútóyìn tọ́jú níbi iṣẹ́ láàárọ̀ Fúráídè yẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bí i. Ó wẹ̀ fún èkíní ní Abbey Wood, ó bá èkejì wọ ìbọ̀sẹ̀ ní Plumstead, ó fi síbí bọ́ ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin gbá a létí, ó sì tún kí ìyẹn pé ó dàárọ̀ ọ̀la. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Wọ́n gbọ́n o. Ṣùgbọ́n wọn ò pa tìyá ẹni mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń pa á, ta ló mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí odindi ìran kan á wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sétí odò Thames, tí wọ́n á máa wẹ̀ fún ìyá oníyàá, tí ìyá tiwọn á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù láìní ibi tó máa sùn?

Ibẹ̀ gan-an ni Ìyá Tóyìn wà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé tó ti háyà yàrá ní Plumstead, tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Wọ́n ti tò ó. Ó ti ń fi ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn. Àtẹ̀gùn ló kù tó di èèwọ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì ti pe Olútóyìn láago mẹ́sàn-án, nígbà tó wà lórí bọ́ọ̀sì láàárín ìyá kejì sí ìkẹta.

"Ẹlòmíì ń dúró de bẹ́ẹ̀dì yìí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kó tó di aago mẹ́ta, ẹ sọ ilé tí wọ́n ń lọ fún wa. Tí kò bá sí, ilé àwọn arúgbó kan wà létí òkun tó láyè."

Létí òkun. Wákàtí méjì gbáko lórí ọkọ̀ ojú irin. Ìyá tó jẹ́ pé tó bá ti rẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo gẹ̀ẹ́sì ẹnu ẹ̀ á sá lọ, á ku Yorùbá nìkan. Ta ni wọ́n fẹ́ kó máa bá sọ ọ́? Òkun?

Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé Olútóyìn ní Thamesmead Moorings ní yàrá kan nísàlẹ̀ tó fẹ̀ bíi méjì. Ìyá Akíndélé, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ń gbé ibẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀dì mìíràn lè wọ ibẹ̀ kí àyè ijó tún ṣẹ́kù. Gbogbo ará ilé ló mọ̀. Olórí ilé nìkan ni kò fẹ́ mọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù nígbà tí Olútóyìn ṣílẹ̀kùn. Gbogbo wọn wà ní kíṣíìnì. Akíndélé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Fúráídè, jókòó ti dòdò àti ẹyin. Ìyá rẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà sórí itan, ó ń ṣa òkúta kúrò níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ ayé lọ́wọ́. Doyinsọ́lá, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, ti kó ìwé àti kọ̀ǹpútà kún ìdajì tábìlì. Iṣẹ́ ìwé kan ló ń parí, lórí ìtàn Kòríà àtijọ́. Aago márùn-ún ni olùkọ́ fi gbèdéke sí.

"Mummy, ẹ kú ìjókòó o. Daddy Doyin, wọ́n tún ti pè láti ọsibítù."

Akíndélé fi fọ́ọ̀kì gún dòdò kan. "A ti parí ọ̀rọ̀ yẹn lánàá."

"Ẹ̀yin lẹ parí ẹ̀. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Tóyìn, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ìyá ẹ bí ọmọkùnrin. Kí Ṣògo wá gbé ìyá ẹ̀."

"Ṣògo wà ní Kánádà. Orí àga ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń sùn."

"Ìyẹn ò ní kó má jẹ́ ọmọkùnrin."

Olútóyìn bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́, ó tún un kọ́. Ó ń wá nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣe kó má baà ṣe nǹkan mìíràn. Ó gbé omi kaná.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Felicia, aládùúgbò wọn, ló wọlé. Ó ní iyọ̀ lòun wá tọrọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ kúulé o. Ah, Mummy Doyin, ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dá wọn sílẹ̀?"

"Òní ni wọ́n fẹ́ dá wọn sílẹ̀. A ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń lọ."

"Ẹ̀ẹ́n." Felicia wo Akíndélé, ó wo yàrá ìsàlẹ̀, ó wo òkè. "Ó le o. Tèmi ni pé ìyá ìyàwó nílé àna, ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ ni. Ṣé wọ́n á wà níbẹ̀ kí tọkọtaya máa jà? Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bú ara yín, ṣé ẹ ó máa kọ ọ́ sínú ìwé ni?"

"Ẹ gbọ́!" Akíndélé gbé fọ́ọ̀kì sókè bí ẹni rí ẹlẹ́rìí. "Àjèjì ló sọ ọ́ yẹn, kì í ṣe èmi. Ẹ̀yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, èmi ni mo kọ́ àwọn ọkùnrin ìjọ lẹ́kọ̀ọ́ lórí ètò ilé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n wá bá ìyá ìyàwó mi lórí àga mi, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n mi. Kí ni kí n pè é?"

"Ẹ pè é ní Ìyá Tóyìn," ni Olútóyìn wí. "Orúkọ ẹ̀ nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ àṣà ni mò ń sọ!"

"Àṣà? Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Daddy Doyin, nínú àwọn ọmọ òkété, èwo ló lọ́mú? Ṣé akọ ni?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Felicia kó tó rántí ẹgbẹ́ tó wà. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó gbé iyọ̀, kò sì lọ. Ìyá Akíndélé ò gbójú sókè. Òkúta kan bọ́ sínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kẹ̀n.

Akíndélé ti àwo dòdò sẹ́yìn. Nígbà tí ọkùnrin yẹn bá ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn, ìwàásù ló kàn.

"Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń ṣe nílé tiwa. Ìyá Àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Ṣómólú, ìyá bàbá mi, ilé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé títí Ọlọ́run fi pè é. Kò gbé ilé ọkọ ọmọ ẹ̀ kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ìyá ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin, obìnrin á tẹ̀ lé ọkọ, ilé á tòrò. Láti ayébáyé!"

Ọwọ́ Ìyá Akíndélé dúró lórí ẹ̀wà. Olútóyìn rí i. Ó rí i tó dúró, ó sì rí i tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa lọ, ṣùgbọ́n kò yára bíi tẹ́lẹ̀.

"Àwa nìkan kọ́," Akíndélé ń bá a lọ, ó nàka sí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀. "Kòríà tó ò ń kà yẹn ńkọ́? Àwọn tó mọyì òbí! Ìyá ọkọ ni ìyàwó ń sìn níbẹ̀. Màámi ń wò ó ní tẹlifíṣọ̀n lálaalẹ́. Doyinsọ́lá, ṣàlàyé fún ìyá ẹ. Bàbá yẹn tó kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí lorúkọ ẹ̀?"

"Konfúṣíọ́sì," ni Doyinsọ́lá wí. "Daddy, o ti gbé e sódì."

"O ti?"

"Ẹ ti. Ẹ má bínú. Ẹ ti gbé e sódì. Nǹkan tí mò ń kọ gan-an nìyẹn."

"Kí lò ń kọ?"

Doyinsọ́lá yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, bí ẹni pé bàbá máa kà á. "Ìjọba àtijọ́ kan wà níbẹ̀, Goryeo. Nígbà yẹn, ọkọ ló sábà máa ń kó lọ sílé ìyàwó. Ilé àna ló ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, lọ́dọ̀ bàbá ìyàwó àti ìyá ìyàwó. Ọmọbìnrin ń jogún dọ́gba pẹ̀lú ọmọkùnrin. Tí òbí bá kú, tọkùnrin tobìnrin ló ń pín ètò ìrántí wọn ṣe."

"Wọn ò tíì mọ Konfúṣíọ́sì nígbà yẹn ni."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìwé ẹ̀ ni wọ́n fi ń dánwò kí wọ́n tó gbani síṣẹ́ ọba. Àmọ́ ọ́fíìsì ọba ló ti ń bá wọn gbé, kò tíì wọ yàrá. Ìjọba mìíràn ló gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, Joseon, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ló wá ní kó wọ inú ilé. Àwọn èèyàn ò tètè gbà. Ó lé ní igba ọdún! Díẹ̀díẹ̀, ọmọbìnrin ò jogún mọ́. Ìyàwó ló wá ń kó lọ bá ìyá ọkọ."

"Ó ṣáà padà rí bẹ́ẹ̀."

"Daddy, èyí tó dùn mí jù nìyí. Wọ́n ní ìwé ìdílé, tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sí. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, ì báà jẹ́ obìnrin. Nígbà tó yá, wọ́n tún ìwé kọ. Ọkùnrin ló wá ń ṣáájú. Ti ọmọbìnrin, orúkọ ọkọ ẹ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ-ọmọ ka ìwé, wọ́n ní, 'Ẹ ò rí i? Bí a ṣe ń ṣe é láti ayébáyé nìyí.'"

Omi tí Olútóyìn gbé kaná hó, kò sẹ́ni tó pa á.

"Doyin," ni Ìyá Akíndélé wí. "Wọ́n tún ìwé kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Grandma."

"Àwọn ọmọ wá gba èyí tí wọ́n tún kọ gbọ́?"

"Kí ni kí wọ́n ṣe? Òun ni wọ́n bá nílé."

Ìyá arúgbó gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ara wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àgbà gan-an ló ti mọ̀ láti àárọ̀ pé orí wọ́, tó dákẹ́ ńkọ́? Ìtìjú ló wà lójú rẹ̀, Olútóyìn ò sì rí irú ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rin.

"Akíndélé."

"Màámi."

"Nígbà tí Ìyá Àgbà bá ń kì ọ́ láàárọ̀, ọmọ ibo ló ń pè ọ́?"

"Ọmọ Òwu."

"Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò rú ọ lójú rí?"

Akíndélé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo rò pé ilé tí wọ́n ti bí i ló ń kì."

"Ilé tí wọ́n ti bí i ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí èmi." Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá bàbá rẹ ti kú kí n tó wọlé ọkọ. Ìyá Àgbà, ìyá tèmi ni. Òun ló bí mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbé nílé ọkọ ọmọ rẹ̀, ìwọ sì wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Màámi, bàbá mi máa ń sọ fún àlejò pé, 'Ẹ wá kí ìyá mi.'"

"Ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fi oúnjẹ dù ú rí. Ẹnu ará àdúgbò ló ń bẹ̀rù. Kí wọ́n má baà sọ pé ìyá ìyàwó ń bá a gbé, ó ní kí gbogbo wa máa pè é ní ìyá òun. A sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, orí ìdúró ni mo wà, mò ń gbé omi fún àwọn tó wá bá ọkọ mi kẹ́dùn pé ìyá rẹ̀ kú."

Felicia gbé iyọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Ohùn Akíndélé ti kéré.

"Ẹni tó dá irọ́ náà sílẹ̀ ti kú. Mo rò pé ó ti bá a wọlẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé o dì í mẹ́rù wá sí London."

Akíndélé dìde. Ó mú kóòtù, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Láti ojú fèrèsé, Olútóyìn ń wò ó tó dúró lẹ́bàá odò tóóró tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá, tí pẹ́pẹ́yẹ méjì ń wẹ̀ níbẹ̀. Ó fọwọ́ sápò. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ sún mọ́ ọn, wọ́n rí i pé kò mú búrẹ́dì wá, wọ́n bá tiwọn lọ.

Aago kan kọjá. Aago kan ààbọ̀ kọjá. Olútóyìn gbé fóònù sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni wo ejò. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Akíndélé sì fi orí sọ fún un pé kó dákẹ́. Bí ìyá arúgbó ti ń ṣa ẹ̀wà lọ náà ni Doyinsọ́lá ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Nínú gbogbo àṣà tó wà láyé, kò sí èyí tó le tó ti kí obìnrin máa dúró de ẹnu ọkùnrin kó tó mọ ibi tí ìyá rẹ̀ máa sùn.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Akíndélé wọlé, kò wo ẹnikẹ́ni, ó gòkè lọ. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, wọ́n gbọ́ nǹkan tó ń wọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í lu àtẹ̀gùn: gbàn, gbàn, gbàn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin tó ti wà lókè àjà láti ọjọ́ pípẹ́ ló kọ́kọ́ yọ, Akíndélé sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, eruku lórí, òwú aláǹtakùn létí.

"Ta ló mú sípánà mi?"

Bó ṣe tọrọ àforíjì nìyẹn. Olútóyìn gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú sípánà, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì pàdé lórí irin náà, kò sẹ́ni tó tètè yọ tirẹ̀.

"Pe àwọn nọ́ọ̀sì," ni Akíndélé wí. "Kí wọ́n má baà ti gbé Màmá dé òkun."

Olútóyìn pè. Ó sọ nọ́ńbà ilé, ó sọ àdúgbò, ó sọ pé yàrá ìsàlẹ̀ ni, kò sí àtẹ̀gùn. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí àga tí ìwé Doyinsọ́lá wà, ìwé Kòríà sì rún mọ́ ọn nídìí. Ọmọ náà gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra.

Ni ilé bá ru gùdù. Felicia sáré lọ sílé, ó gbé àga ìgbọ̀nsẹ̀ gíga tí ìyá rẹ̀ lò kó tó kú wá, ó gbé e sókè fún gbogbo àdúgbò rí. "Ẹ gbà á! Ìjókòó ọba nìyí! Mo ti ń wò ó láti àárọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì yẹn máa gba ibẹ̀, mi ò kàn fẹ́ dá sọ́rọ̀ ẹbí ni."

Olútóyìn wò ó. "Ẹ ṣeun, Auntie Felicia," ló wí, ó sì gbé èyí tó kù mì. Kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ló yẹ kéèyàn fi san oore àga.

Ẹ̀wà tí wọ́n ti ń ṣà láti àárọ̀ kó sínú omi. Mọ́ínmọ́ín ni Ìyá Akíndélé ní kí wọ́n fi ṣe, kí ẹni tó ti jẹ oúnjẹ ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún rántí pé òun ní ahọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń darí ọmọ rẹ̀.

"Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Rárá, sún un sí bí. Tóyìn, ṣé ìyá rẹ máa ń hanrun?"

"Díẹ̀, Mummy."

"Kò burú. Èmi náà ń hanrun. A ó máa dá ara wa lóhùn." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé ó fẹ́ràn fíìmù Kòríà? Mi ò rẹ́ni bá wò ó. Akíndélé á ti sùn, Doyin á máa sọ pé bó ṣe rí kọ́ nìyẹn."

"Bó ṣe rí kọ́ náà ni, Grandma," ni Doyinsọ́lá wí láti ìdí kọ̀ǹpútà.

Akíndélé ló wakọ̀. Kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà títí wọ́n fi débẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa rédíò tó fẹ́ràn, ó sì rọra ń gun gbogbo gegele ojú títì bí ẹni pé ìyá náà ti wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ìyá Tóyìn ti múra sílẹ̀. Ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹrù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá méjì lórí itan, ó di ọ̀rá náà mú bí ọmọdé tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé. Nígbà tó rí Olútóyìn, ojú rẹ̀ là. Nígbà tó rí Akíndélé lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ṣú díẹ̀.

"Òkun yẹn náà ò burú," ló yára wí. "Wọ́n ní atẹ́gùn ibẹ̀ dáa. Ẹ má dààmú ara yín nítorí tèmi."

Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ìwé. Ó yíjú sí Akíndélé, bí wọ́n ṣe máa ń yíjú sí ọkùnrin. "Kí lẹ jẹ́ sí wọn, sà?"

Olútóyìn mọ ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù. Bàbá Akíndélé ti fi kọ́ ọmọ rẹ̀ láti Ṣómólú: *Ẹ wá kí ìyá mi.* Ọ̀rọ̀ dídùn ni, kò sẹ́ni tó máa bú u.

Akíndélé tún ọ̀fun ṣe.

"Ìyá ìyàwó mi ni," ló wí, ó sì wí i sókè débi pé ìyá òyìnbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì gbórí sókè. "Ìyá ìyàwó mi. Ilé wa ni wọ́n ń lọ."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìyá Tóyìn na ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, tí ìbọ̀sẹ̀ ti yí sódì níbẹ̀.

"Tóyìn," ló wí, "wá tún un wọ̀ fún mi. Èyí tí wọ́n wọ̀ fún mi níbí ò dáa."

Olútóyìn kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Ìyá karùn-ún lọ́jọ́ náà nìyẹn.